Pọ́tì Kì í Ṣe Irin

Ẹni tó bá fẹ́ tún mọ́tò àtijọ́ ṣe nílé, kó má kọ́kọ́ wá ọ̀dà o. Òòlù kékeré ni kó wá. MGB tí bàbá wa fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1972, ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Mo fi òòlù kan abẹ́ ilẹ̀kùn, ó dún bíi páálí. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ látinú.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi pọ́tì dí i, ká kùn ún, ká tà á. Ta ni yóò mọ̀?"

Mo ní, "Ẹni tó máa rà á ńkọ́? Ṣé òun ò lọ́mọ ni?"

Ẹ wò ó, MGB kò ní ṣaasí tó dá dúró. Bọ́dì gan-an ni egungun rẹ̀. Èyí tí kò ní òrùlé irin bíi tiwa, irin abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì ló gbé e ró jù. Pọ́tì kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn láéláé.

Ọ̀gá wẹ́dà bá wa dé ẹ̀yìnkùlé. Ó tú bátìrì, ó gbé táǹkì epo jìnnà. Kó tó gé ohunkóhun, ó fi ọ̀pá irin de ojú ilẹ̀kùn kí mọ́tò má baà tẹ̀ láàárín. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń gé lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti jó irin tuntun mọ́ ọn díẹ̀, á ti ilẹ̀kùn wò.

Owó ńlá lọ sí i. Àbúrò mi bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kó máa bínú. Ẹni tó bá rà á kò ní ṣépè fún bàbá wa.