Oòrùn Lọ́sàn-án, Gáàsì Ìgbẹ́ Lóru

Ikọ́ fée ni ìyá mi ń bá jà. Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ tí mo sì padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí mo bá nílé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, iye tí à ń ra bẹntiróòlù di ọ̀tá kejì. Mo ra pánẹ́ẹ̀lì tó ń gba agbára oòrùn, mo ra bátìrì. Fáànù ń yí lóru láìsí ariwo, inú ìyá mi sì dùn.

Oṣù Agẹmọ ló tú àṣírí ohun tí mo rà. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ òjò ìgbà náà: ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kí oòrùn má yọjú. Ní nǹkan bí aago méjì òru, bátìrì á ti gbẹ, fáànù á dúró, ìyá mi á dìde jókòó, wọn á máa mí gúlegúle. Ṣé kí n tan ẹ̀rọ eléèéfín ni? Abẹ̀bẹ̀ ni mo mú, mo ń fẹ́ wọn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ màlúù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí a bá po ìgbẹ́ ẹran mọ́ omi nínú àgbá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á sọ ọ́ di gáàsì. Methane, èyí tó ń jó nínú rẹ̀, lè tó ìdá 60 nínú 100. Kúbíìkì mítà kan gáàsì náà lè mú iná tó nǹkan bíi yúníìtì 2 wá, èyí tó lè yí fáànù kékeré mẹ́rin mọ́jú. Ó sì ṣeé tọ́jú pa mọ́: oòrùn á ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, gáàsì á gbà á lóru àti lọ́jọ́ òjò. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú àgbá, ajílẹ̀ ni.

Kì í ṣe àlá. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Porto-Novo, oko Songhai tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ti ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì tipẹ́. Iṣẹ́ Cows to Kilowatts, tí wọ́n ṣètò fún odò ẹran Bódìjà ní Ìbàdàn, gba ẹ̀bùn SEED ní 2005.

Ṣùgbọ́n èmi kò ní ewúrẹ́ kan, ká má tíì sọ màlúù. Ẹ̀rọ tọ́báìnì kì í ṣe ohun inú ilé ẹnì kan pẹ̀lú; ó ń fẹ́ gáàsì púpọ̀ tí kì í dáwọ́ dúró. Odò ẹran tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ló yẹ ẹ́. Gàrí sì rèé, iṣẹ́ wa ni. Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan máa ń tètè kan, kíkan náà a sì máa pa àwọn kòkòrò inú àgbá, àfi ká fi ìgbẹ́ màlúù là á.

Mo lọ bá ìyá kan tó ń yan gàrí ládùúgbò wa. Mo bi wọ́n bóyá mo lè máa kó òkìtì èèpo ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

“Ọmọ mi, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ti ń sanwó rẹ̀ tipẹ́. Èló ni ìwọ máa san?”

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì. Ó ti pé oṣù kan báyìí.