Kílò 17 Tó Padà Wá

Aránṣọ náà wọn ìbàdí ìyá ìbejì kan ní Àbújá, ó wo ohun tó kọ sílẹ̀, ó sì tún un wọ̀n. "Ìyá Ìbejì, aṣọ ọdún tó kọjá ò ní gbà yín mọ́ o." Kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ nígbà tí obìnrin yìí délé, ó fa òṣùwọ̀n jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kílò 101.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú, kílò 131 ló wọ̀n. Orúnkún kò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ìtọ̀ ṣúgà sì ti ń yọjú. Ọkọ rẹ̀ yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù rẹ̀ kúrò. Ìyókù kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, ó jò dé kílò 84. Ẹ ò rí ijó tó jó lọ́jọ́ ìdúpẹ́!

Ìyá rẹ̀ ló kú. Òkèlè àmàlà mẹ́ta ti ń fún un láyà, ṣùgbọ́n fúrá àti nọ́nọ̀ tí wọ́n da ṣúgà sí kì í dúró, ṣe ló ń yọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni málítì. Àpòlúkù kékeré kò lè dá ohun tí kì í dúró nínú rẹ̀ dúró. Yàtọ̀ síyẹn, lẹ́yìn ọdún kan sí méjì, ebi tó ti dákẹ́ lè tún gbóhùn sókè, ara tó ti jò náà kò sì nílò oúnjẹ tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Kò sẹ́ni tó bi í pé, "Owó yẹn ńkọ́?" Òun nìkan ló ń gbọ́ ọ. Nítorí ẹ̀, kò yọjú sí dókítà fún oṣù mẹ́rìnlá, kò sì lo oògùn fítámì mọ́. Ó wá fi omi àti ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, títí ó fi dákú sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọkọ rẹ̀ gbé e dìde. "Ìyá Ìbejì, ta ló bi ọ́ léèrè owó?"

Dókítà kò jágbe mọ́ ọn. Ohun tó ń mu ló kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè ohun tó ń jẹ. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: áyọ́ọ̀nù àti fítámì B12 ti lọ sílẹ̀, àwọn oògùn tó yẹ kó máa lò títí ayé. Kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ míì. Ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà ni kó kọ́kọ́ jẹ, ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e, òkèlè ló kẹ́yìn bí àyè bá ṣì wà. Kó má mu omi mọ́ oúnjẹ, kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó máa rìn. Fúrá ńkọ́? Kó gbàgbé ẹ̀ ná.

(Al Roker, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanra ní 2002. Òun náà tún sanra padà kó tó jò.)

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kílò 94. Dókítà ti sọ fún un pé ó lè má rí 84 mọ́. Bí olówò fúrá bá ń kọjá, ó ṣì máa ń wò ó títí yóò fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó padà sọ́dọ̀ aránṣọ, ìyẹn sì fẹ́ dín aṣọ náà kù lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná," ni ìyá ìbejì wí. "Ẹ kàn bá mi fi aṣọ sílẹ̀ nínú rẹ̀, níbi tí ẹ bá máa rán."