Orin Tó Ń Sọ Ìtàn Kí Ìtàn Tó Tán

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú etí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé yín ní, ẹ bi wọ́n léèrè nípa orin inú fíìmù. Ẹ má bi wọ́n nípa àwòrán, nítorí ohun kan náà ni gbogbo yín jọ rí. Orin ni kí ẹ bi wọ́n. Ẹnì kan á ní ó dùn, ẹnì kejì á ní ó pariwo jù, ẹnì kẹta á ní òun ò tiẹ̀ rántí pé orin kankan wà níbẹ̀. Nílé wa ní Ìmìnì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, orin inú fíìmù Aníkúlápó ló dá irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi bá ara wa fà á, ohun tí mo sì rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Kúnlé Afọláyan ló darí fíìmù náà. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ló jáde lórí Netflix. Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àwa ará Ìmìnì gbà á bí ohun ìní wa, torí pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá, Ọ̀yọ́ kò sì jìnnà sí wa. Kent Edunjobi ló gba ẹ̀bùn AMVCA ti ọdún 2023 fún orin fíìmù tó dára jù lọ, nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí Aníkúlápó. Ìyẹn ni pé àwọn adájọ́ ti sọ tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kò gbé inú àgbàlá wa.

Fún ẹni tí kò tíì wo fíìmù náà, ìtàn rẹ̀ nìyí ní ṣókí. Ahunṣọ kan tó ń jẹ́ Saro wá ṣiṣẹ́ ajé ní Ọ̀yọ́. Ìfẹ́ wọ àárín òun àti Arólákẹ́, olorì ọba. Àṣírí tú, wọ́n sì lu Saro pa. Ẹyẹ Àkàlà jí i dìde, àdó tó ní agbára jíjí òkú sì bọ́ sọ́wọ́ òun àti Arólákẹ́. Saro di ẹni ńlá ní ìlú tí wọ́n sá lọ. Ìgbéraga wọ̀ ọ́, ó ń bèèrè ohun tí kò yẹ kó bèèrè, títí ọjọ́ fi pé tí agbára náà kò jẹ́ mọ́. Orúkọ fíìmù náà fúnra rẹ̀, ẹni tó ní ikú lápò, ti jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ pé kò sí ẹni tí í fi ikú sí àpò kó pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń kàwé ní Ìbàdàn, ló gbé fíìmù náà wálé lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tòun tàwọn orin inú rẹ̀ lórí fóònù. Òun náà ló kọ́kọ́ sọ èrò rẹ̀. Ó ní ohùn olórin dára, orin sì dùn, ṣùgbọ́n àrùn fíìmù Yorùbá kò tíì fi wá sílẹ̀: orin a máa tú àṣírí ìtàn. "Bí orin bá ti ń kìlọ̀ fún ọkùnrin kan láti ìbẹ̀rẹ̀," ó ní, "ṣé èmi tí mò ń wò ó kò ti mọ̀ pé kò ní í gbọ́ ìkìlọ̀ ni? Kí ni mo tún ń dúró de?" Ó fi Black Panther ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Ó ní orin inú fíìmù yẹn kì í sọ nǹkan kan fún èèyàn, ó kàn ń mú kí ara èèyàn bù máṣọ ni. Bó ṣe yẹ kí orin fíìmù rí nìyẹn lójú tirẹ̀.

Màmá mi kò fara mọ́ ọn. Ọsàn ni wọ́n ń tà létí títì ní Fìdítì, ibi tí mọ́tò Ìbàdàn àti ti Ọ̀yọ́ ti ń kọjá, ariwo orin oríṣiríṣi ni wọ́n sì ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní ohun tó wu àwọn nínú orin Aníkúlápó ni pé Yorùbá ibẹ̀ já geere, àbúrò mi kékeré sì ń bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn bó ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n ní orin tó bá mú kí ọmọ bèèrè ìbéèrè ti ṣe ju orin lọ.

Bàbá àyàn tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa náà dá sí i. Ẹ̀gbọ́n mi fún wọn ní fóònù, wọ́n gbé e sétí, wọ́n dijú, wọ́n gbọ́ orin kan tán, wọ́n tún gbọ́ òmíràn. Wọ́n ní olórin náà mọ iṣẹ́, àmọ́ àwọn ì bá fẹ́ kí ìlù sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ìlù tí kò bá sọ̀rọ̀," wọ́n ní, "igi àti awọ lásán ni." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, orin tó ń sọ̀rọ̀ gan-an ni mò ń sá fún."

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kà nípa orin Black Panther tí ẹ̀gbọ́n mi ń yìn. Ludwig Göransson, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ló ṣe é. Kó tó ṣe é, ó lọ sí Senegal, ó bá gbajúmọ̀ olórin Baaba Maal rìn, ibẹ̀ ló sì ti mọ Massamba Diop tó ń lu tama. Ìlù abíyá ni tama, ẹni tó bá mọ gángan kò ní í ṣàì mọ̀ pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Nígbà tí T'Challa ọba Wakanda bá yọ nínú fíìmù náà, tama ń pe orúkọ rẹ̀. Orin náà gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 2019. Mo ka ibẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Orin tó ní kì í sọ nǹkan kan, orúkọ ọba ló ń pè ní gbangba bí àwọn àyàn wa ti ń ṣe láàfin. Ẹ̀gbọ́n mi kò jiyàn, ó kàn ní òun ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn rẹ̀ yìí ni mo mú dání lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Ìyá tó bí bàbá mi ni ìyá àgbà. Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ti gba ojú wọn méjèèjì. Dókítà ti sọ fún wa pé ojú tí àìsàn yìí bá ti bà jẹ́ kì í padà bọ̀ sípò, oògùn kàn lè dá èyí tó kù dúró ni. Ìgbà tá a fi máa mọ̀, èyí tó kù kò tó nǹkan mọ́. Láti ìgbà náà ni wọn kì í ti í bá wa jókòó bá a bá ń wo fíìmù. Wọ́n á ní oorun ń kun àwọn, wọ́n á sì fọwọ́ tọ ògiri lọ sí yàrá wọn. A mọ̀ pé kì í ṣe oorun. Èèyàn tó ń bi àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ pé "kí ló tún ṣe?" ní gbogbo ìgbà, tí wọ́n sì ń dá a lóhùn pé "ẹ dúró ná, ìyá," ó máa sú u bó pẹ́ bó yá.

Lálẹ́ ọjọ́ tá a wo Aníkúlápó, wọn kò lọ. Wọ́n jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ó sì lé ní wákàtí méjì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàròyé pé orin ń tú àṣírí, àwọn ni wọ́n dá a lóhùn.

"Ìwọ ń wò ó, èmi ń gbọ́ ọ," wọ́n ní. "Bí àwọn òṣèré bá ń sọ̀rọ̀, mo mọ ibi tá a dé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá dákẹ́, tí gbogbo yín náà dákẹ́ tí ẹ ranjú mọ́ ọn, ibẹ̀ ni fíìmù ti máa ń já mi sílẹ̀. Orin nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òun tí ìwọ pè ní ọ̀dàlẹ̀ ló ń mú mi lọ́wọ́ rìn."

Kò sí ẹni tó fèsì. Wọ́n wá bi ẹ̀gbọ́n mi pé nígbà tó wà ní kékeré, tí àwọn ń pàlọ́ ìjàpá fún un, ṣé kò mọ̀ pé ìjàpá á jìyà ni? Ó ní òun mọ̀. "Kí ló wá dé tó o fi ń ní kí n tún un pa?" Wọ́n ní nígbà táwọn wà ní ọ̀dọ́, tí ẹgbẹ́ Ògúndé bá fẹ́ ṣeré, orin ni wọ́n fi ń ṣíde. Orin ìṣíde yẹn ló máa ń sọ ní ṣókí ohun tí eré dá lé, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń dìde kó ní òun ń lọ sílé nítorí pé òun ti mọ òpin. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí ọ̀nà já sí, ojú rẹ̀ á wà lára ẹni tó ń rìn ín.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sọ. Àwa ti ń jà lórí Saro: ó jẹ̀bi, kò jẹ̀bi, ìbá ti ṣe báyìí. Ìyá àgbà ní, "Gbogbo yín ń pariwo Saro. Arólákẹ́ ńkọ́? Ta ló fi ààfin sílẹ̀? Ẹ ò gbọ́ bí ohùn ọmọbìnrin yẹn ṣe ń lọ sílẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń ga sí i ni? Òun ni àánú rẹ̀ ṣe mí." Ní ọjọ́ kejì, a tún ibẹ̀ wò. Ojú wa ti wà lára aṣọ àti ààfin àti ẹyẹ, a kò fetí sí ohùn. Ẹni tí kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ló gbọ́ ọ.

N kò sọ pé ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò ní ìdí. Orin fíìmù tí kò dára wà. Bí ọkùnrin kan bá ń wọlé, tí olórin sì ń kọrin pé ó ti ń wọlé o, ó ti ń wọlé o, olórin náà kò ràn wá lọ́wọ́. Ìyá àgbà náà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní orin tó dára kì í sọ ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe, ohun tí ọkàn ń rò ló ń sọ. Mo rò pé ìyàtọ̀ tó yẹ ká máa wò nìyẹn. Kì í ṣe bóyá orin sọ ìtàn tàbí kò sọ ọ́. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé bí wọ́n bá gbé àwòrán kúrò, ṣé orin náà ṣì ní ohun tó ń bá wa sọ?

Orin bẹ́ẹ̀ a sì máa pẹ́ láyé ju eré tó bí i lọ. Ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú. Ọdún 1966 ni ìjọba ológun tó dé lẹ́yìn wọn mú òfin náà kúrò. Lónìí, ìwọ̀nba làwọn tó wo eré náà lójú kò tíì kú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba orin rẹ̀ sínú àwo, àwọn èèyàn tí a kò tíì bí nígbà náà sì mọ̀ ọ́n kọ. Ìjọba lè ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn mọ́ òṣèré, àmọ́ orin ti bá ẹnu ọ̀nà mìíràn jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá wo fíìmù tuntun, ẹ má fi mọ sórí "ṣé ó dùn?" Ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín pé, "Kí lo gbọ́?" Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ ká fi etí nìkan gbọ́ orin fíìmù kan nínú kíláàsì Yorùbá, kí kálukú kọ ìtàn tó gbọ́ sílẹ̀, kí a tó wo àwòrán. Ẹ̀yin òbí, bí àgbàlagbà kan nínú ilé yín bá ń sọ pé oorun ń kun òun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan tẹlifíṣọ̀n, ẹ wádìí irú oorun tí í ṣe.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, apá tó tẹ̀ lé Aníkúlápó jáde gẹ́gẹ́ bí eré alápá púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè wá láti Ìbàdàn, ó ní òun ń gbé e bọ̀ wálé. Màmá mi bèèrè bóyá ó gùn. Àbúrò mi bèèrè bóyá ẹyẹ Àkàlà tún wà níbẹ̀. Ìyá àgbà na ọwọ́ gba fóònù, wọ́n ní, "Kọ́kọ́ fi orin rẹ̀ ránṣẹ́ ná."