Ohùn Gìtá Béèsì

Ọmọ Ṣakí ni mí, gìtá béèsì ni mo sì ń ta nínú ẹgbẹ́ eléré jùjú wa. Wáyà mẹ́rin ló ní. Èyí tó nípọn jù ló ní ohùn ìsàlẹ̀ jù.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá fẹ́ ra wáyà, ẹ fi ọwọ́ pa á wò. Èyí tí a fi irin róbótó wé rí págunpàgun, ohùn rẹ̀ a sì máa han gooro. Èyí tí a fi irin pẹlẹbẹ wé ń jọ̀lọ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa rọ̀. Èyí tó rọ̀ ni mo yàn. Kí ló fà á? Gángan, tí a máa ń fi ṣeré ní Òkè-Ògùn, ń fi ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ki ènìyàn. Bí béèsì bá han jù, oríkì á dàrú. Ẹni tí à ń kì kò ní mọ̀ pé òun ni.

Ẹ ta wáyà lẹ́bàá ọrùn gìtá, ohùn á rọ̀. Ẹ ta á nísàlẹ̀ lápá ìdí, ohùn á le.

Ẹ gbọ́ àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982: gìtá pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ ìlù ń sọ̀rọ̀. Kí béèsì gbé orin ró, kí ó má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìlù.