Àga iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló ni ín?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ olówó àti tálákà ládùúgbò rẹ̀, kó má wulẹ̀ lọ sí báńkì. Kó dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, Sánńdè, kó wo àga. Èyí tó ní tìmùtìmù, tí fáànù ń fẹ́ sí lórí, iwájú ló máa ń wà, olówó ló sì ni ín, kódà bó bá pẹ́ dé. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀, tí òógùn ti mu aṣọ rẹ̀, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ni wọ́n máa júwe fún un. Bẹ́ẹ̀ ìwàásù ọjọ́ náà lè jẹ́ pé ọ̀kan náà ni gbogbo èèyàn níwájú Ọlọ́run o!

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú lẹ́tà Jákọ́bù, orí kejì, ó bá àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà wí pé wọ́n ń gbé ìjókòó dáadáa fún ẹni tó fi òrùka wúrà sọ́wọ́, tí wọ́n ń ní kí tálákà dúró sí kọ̀rọ̀. Ní Kọ́ríńtì, inú bí Pọ́ọ̀lù nígbà tó gbọ́ pé lásìkò oúnjẹ Olúwa, àwọn kan ń jẹ àjẹyó, ebi sì ń pa àwọn tí kò ní nínú ìjọ kan náà.

Ọjọ́ ìkórè gan-an lọ̀rọ̀ máa ń le. Wọn á ní kí ẹni tó fẹ́ dá mílíọ̀nù kan náírà bọ́ síwájú, wọn á gbàdúrà fún un títí, tìyàwó tọmọ. Ó kan àwọn ti N100,000, àdúrà náà á dín díẹ̀. Tó bá máa fi kan ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó di N1,000 mọ́wọ́, “gbogbo ẹ̀yin tó kù” ni wọ́n ń pè é, àdúrà rẹ̀ kì í sì í tó ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Jésù jókòó ti àpótí owó nínú tẹ́ńpìlì, opó tó mú owó wẹ́wẹ́ méjì wá ló ní ó dá jù. Ohun tó ṣẹ́ kù sílé kálukú ni Jésù fi ṣírò tiẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yẹn kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Tó bá di ìkórè ọdún tó ń bọ̀, á kàn ní ara òun ò yá ni. Kò rówó ra aṣọ ẹgbẹ́, kò sì fẹ́ kí ojú ti òun. Díẹ̀díẹ̀, kò ní í wá mọ́. Ibi tó sì ti máa ń burú nìyẹn, nítorí ó lè pé oṣù mẹ́ta kẹ́nì kan tó béèrè rẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn tí Ọlọ́run lò nílẹ̀ Yorùbá. Àjàyí Crowther, ẹrú ni. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o ní Òṣogùn, wọ́n tiẹ̀ fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Ọmọ yẹn ló di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà ní 1864, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Mósè Orímọládé, tòun ti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n tí kò ju ọmọdébìnrin lọ, ló bẹ̀rẹ̀ Kérúbù àti Séráfù l’Ékòó ní 1925, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì dá. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà nígbà tí ìpè dé bá a ní 1928. Oshoffa, tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo lọ́dún 1947, káfíńtà ni. Nínú gbogbo wọn, ta ni wọn ì bá fún ní àga iwájú?

Àwọn kan á ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìnrere, irọ́ kọ́ sì ni. Jòánà àti Sùsánà náwó wọn fún iṣẹ́ Jésù, Jósẹ́fù ará Arimatíà tó gbé e sin, olówó ni. Owó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òṣì náà kì í sì í ṣe ìwà mímọ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ni wọ́n pe owó, wọn ò pè é ní ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́.

Àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kó jókòó síwájú. Kí wọ́n gba ẹ́ńfílóòpù láìpe iye tó wà níbẹ̀, kí àdúrà olówó má gùn ju ti tálákà lọ. Ẹni tí wọn ò bá rí lọ́sẹ̀ méjì, kí wọ́n wá a dé yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé.

Bí ẹnì kan bá sì ń tiro bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Sánńdè tó ń bọ̀, ẹ fi àga iwájú hàn án. Bí kò tiẹ̀ jẹ́ Orímọládé, ọmọ Ọlọ́run ni, ìyẹn sì ti tó.