Ọ́ìlì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jí

Kì í rọrùn fún àgbàlagbà láti sọ àṣìṣe ara rẹ̀ ní gbangba, pàápàá ẹni tí ìjọ ń pè ní Bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé onígbàgbọ́ mìíràn, a pinnu láti kọ ọ́ síhìn-ín, kí ẹlòmíràn má baà já sínú kòtò tí àwa ti já sí.

Bàbá wa fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Peugeot 504 kan sílẹ̀ fún wa. Àwọn àgbà kò lè gbàgbé irú ọkọ̀ yìí. Ọdún 1968 ni a kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Kàdúná sì bẹ̀rẹ̀ sí tò ó pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ọkọ̀ líle ni, ṣùgbọ́n sítíárìn tiwa wúwo púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti wakọ̀ láti Bẹẹrẹ gun òkè Mápó, tí ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ńlá tí a ṣí ní ọdún 1929, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba láàárín èrò, tàbí tí ó ti wá ibi tí yóò gbé ṣẹ́rí padà ní Bẹyẹrúnká, yóò mọ ohun tí a ń wí. Nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí dùn wá, a ní kí mẹkáníìkì wa tú páwà sítíárìn lára Peugeot 505 kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí ó fi í sí tiwa.

Kì í ṣe ohun ìyanu tuntun ni páwà sítíárìn. Ọdún 1951 ni Chrysler ní Amẹ́ríkà ti ń tà á nínú ọkọ̀ Imperial. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ní ń yí pọ́ǹpù kan. Pọ́ǹpù yìí a sì fi agbára ńlá ti ọ́ìlì sínú sítíárìn, ọ́ìlì náà a sì ran ọwọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí agbára bá wà, ooru a máa wà níbẹ̀. Bí a bá sì ń yí sítíárìn púpọ̀ tí ọkọ̀ kò sáré, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí ní ìgboro Ìbàdàn, ọ́ìlì a gbóná gidigidi. Nítorí náà ni mẹkáníìkì fi fi kúlà sí i, èyí ni páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ká mọ́ra wọn níwájú rédíétọ̀, kí atẹ́gùn lè máa tu ọ́ìlì lára kí ó tó padà sínú ike rẹ̀. Ojú ọ̀nà ìpadàbọ̀ ni a ń fi í sí, níbi tí agbára ọ́ìlì ti dínkù. Bí a bá fi í sí ojú ọ̀nà àlọ, ó lè bẹ́.

Oṣù mélòó kan kọjá ní àlàáfíà. Nígbà tí ẹ̀rùn dé, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí dín. Ní òwúrọ̀, sítíárìn a fúyẹ́; bí a bá ń ti ìsìn bọ̀, pọ́ǹpù a máa ké, sítíárìn a sì le. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní pọ́ǹpù ni. A ra òmíràn, igbe kò dá. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ láti Mápó pẹ̀lú ìyàwó wa àti àwọn ọmọ, sítíárìn le lójijì ní ibi kọ́nà, díẹ̀ ni ó sì kù kí a ya lu ìsọ̀ obìnrin kan tí ń ta ata. Ọlọ́run ni ó yọ wá.

Akọ̀wé ni wá, a kò sì lè ṣe kí a má kọ nǹkan sílẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé pé láàárín ọ̀sẹ̀ 3, a ti bu ọ́ìlì lítà 4 sí i. A tẹ́ páálí sí abẹ́ ọkọ̀ ní alaalẹ́. Ní òwúrọ̀, kò sí ẹ̀kán kan lórí rẹ̀. A wá bi ara wa léèrè pé, bí ọ́ìlì kò bá kán sílẹ̀, ta ni ń mú un? Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì yìí tí ń fọ ọkọ̀ wa, tí a sì ń fi ìgò ọ́ìlì sí lọ́wọ́. A lọ bá ọ̀gá rẹ̀, a ní, "Ọmọ yín ń jí ọ́ìlì wa." Nítorí ọ̀wọ̀ tí ó ní fún wa, ọ̀gá kò wádìí, ó ní kí ọmọ náà máa lọ sílé. Ọmọ náà ti lo ọdún 4 lẹ́nu iṣẹ́; oṣù 3 péré ni ó kù kí ó gba òmìnira.

Ìyá rẹ̀, tí ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba, wá sí ilé wa, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú mi. Ọmọ mi ní òun kò mú un." A ṣí ìwé wa, a sì nawọ́ sí iye tí a kọ síbẹ̀. Obìnrin yìí kò mọ̀ ọ́n kà. Ó wo ìwé náà, ó wo ojú wa, ó dìde, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn náà, bí a ti tún ń kọ lítà kan mìíràn sínú ìwé, ìyàwó wa wí pé, "Bàbá, ọmọ yẹn ti wà nílé láti ọjọ́ yìí. Ta ni ó wá ń jí ọ́ìlì báyìí?"

A kò rí èsì kankan fọ̀. Irọ́ kò sí nínú ìwé wa; àwa ni a tú u sí èké. A ránṣẹ́ pe ọmọ náà àti ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí a bi í léèrè, èyí tí ó yẹ kí a ti ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ìgbà tí ó bá tutù ni a máa ń yẹ kúlà wò. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ó bá gbóná." Ó fi ọṣẹ fọ kúlà àti gbogbo rọ́bà rẹ̀, ó jẹ́ kí wọn gbẹ, ó sì tọrọ pọ́dà ọmọdé lọ́wọ́ ìyàwó wa. Ó bu pọ́dà náà sí gbogbo oríkèé, títí gbogbo rẹ̀ fi funfun. Ọ̀gá tan ẹ́ńjìnnì, ó ń yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì. Fún bí ìṣẹ́jú 10, a kò rí nǹkan. Lẹ́yìn náà, níbi tí páìpù kúlà ti ń ha ara irin tí a fi dè é, pọ́dà bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n.

Gbogbo rẹ̀ wá yé wa. Irin ti jẹ páìpù náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi là. Bí ó bá tutù, tí ọ́ìlì kò sì rìn, ojú rẹ̀ a pa dé. Bí ó bá gbóná, a là, atẹ́gùn a sì fẹ́ ọ́ìlì náà sẹ́yìn sára ẹ́ńjìnnì tí eruku bò. Ìdí nìyí tí kò fi kán sórí páálí. Bí ọ́ìlì bá sì ti dín, pọ́ǹpù a máa fa afẹ́fẹ́ mu, òun ni ó ń ké. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Ọmọ náà ni ó fi kúlà mìíràn sí i, ó sì fi rọ́bà tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí irin má baà ha irin mọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ sókè, ó sì yí sítíárìn láti ìparí ọ̀tún dé ìparí òsì títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán. Láti ọjọ́ náà, ọ́ìlì kò dín.

Àwa àti ọ̀gá lọ sí Ọjà'ba. Níwájú àwọn tí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, a sọ pé àwa ni a ṣì í, ọmọ rẹ̀ kò jalè. Ó dárí jì wá. Ní ọjọ́ tí ọmọ náà gba òmìnira, ó ní kí a wá gbàdúrà, a sì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 2 tí obìnrin yẹn fi jókòó sọ́jà gẹ́gẹ́ bí ìyá olè, a kò lè dá a padà. Ẹyin ni ọ̀rọ̀; bí ó bá balẹ̀, kò ṣe é kó.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti fi òfin kẹsàn-án kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. A rò pé ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nìkan ni ó ń rú u. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, bí owó bá dín nínú àpò, tàbí ẹran nínú ìkòkò, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí irin gbé ń ha irin, kí ẹ sì gbọ́ ti ẹnu ọmọ kí ẹ tó pè é ní olè. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa tilẹ̀ kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan. Ìwé ni a gbọ́.