Agbára Inú Òòyà

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀rù máa ń bà mí nígbà ọyẹ́. Bí mo bá ń bọ́ aṣọ òtútù mi lálẹ́, yóò máa ta pàràpàrà, iná wínníwínní yóò sì máa kọ yẹ̀rì lára rẹ̀. Àwọn kan ní iwin ni. Kì í ṣe iwin. Iná mànàmáná ni.

Ẹ dán an wò. Ẹ ya ìwé sí wẹ́wẹ́ sórí tábìlì. Ẹ fi òòyà oníke ya irun gbígbẹ tí kò ní òróró ní ìgbà 20. Ẹ mú òòyà náà sún mọ́ ìwé wọ̀nyí. Wọn yóò fò mọ́ ọn!

Kí ló fà á? Bí òòyà ṣe ń ra irun, ó ń gba ohun tíntìntín tí à ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lára rẹ̀. Èyí ni ó fún un ní agbára láti fa ìwé. Gbogbo ilé ayé ń fa ìwé náà sísàlẹ̀, síbẹ̀ òòyà kékeré gbé e sókè! Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí agbára yìí pẹ́ lára òòyà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Irú iná wínníwínní bẹ́ẹ̀ lè ran epo bẹntiróòlù. Bí àgbàlagbà bá ń ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì, orí ilẹ̀ ni kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sí, kì í ṣe inú ọkọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn nílé.